Ewédò Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ Nínú Púùlù Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ títọ́jú púùlù àwọn onílé ni mo ń ṣe, ní Èkó láti Ìkòyí títí dé Ajah, àti ní Bódìjà ní Ìbàdàn nígbà mìíràn. Ìbéèrè kan ló ń tẹ̀lé mi láti ilé dé ilé: "Mo ti da oògùn sí omi yìí títí, kí ló dé tí ewédò tún fi padà?" Ohun tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn ni pé kò padà, nítorí pé kò lọ rí. Wọ́n pa èyí tí ojú rí, èyí tó sá pamọ́ sẹ́yìn iná abẹ́ omi àti sínú yanrìn asẹ́ (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi púùlù) sì kù síbẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tí kílórínì, oògùn tó ń pa á nínú omi, yóò dínkù. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Kí ni ewédò gan-an, ibo ni ó sì ti wọ inú púùlù mi?

Ohun abẹ̀mí tíntìntín ni, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewé igi ti ń ṣe. Òun náà ló máa ń bo ìdí táǹkì omi tó ń jò, tí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò sì máa yọ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kùn tí a lè tì mọ́ ọn: afẹ́fẹ́ ń gbé e wá, òjò ń gbé e wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹyẹ, ewé tó já bọ́, àti aṣọ ìwẹ̀ tí a wọ̀ lọ sí etí òkun tí a kò fọ̀. Wíwọlé rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe pé ó wọlé bá omi tí kò ní kílórínì tó lè pa á kí ó tó bí sí i. Ní ilẹ̀ olótùútù, àwọn ènìyàn lè ti púùlù wọn pa fún oṣù mélòó kan, kí òtútù sì bá wọn dá ewédò dúró. Omi tiwa máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá, nítorí náà ẹni tó ní púùlù ní Èkó kò ní àkókò ìsinmi kankan.

Omi mi láwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n mo ń rí ìsàlẹ̀ kedere. Ṣé ewédò ni?

Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, kí ẹ sì wò ó ní ojúmọmọ. Omi ewédò máa ń ṣú, ògiri púùlù sì máa ń yọ̀ bí a bá fi ọwọ́ rà á. Omi tó mọ́ gaara síbẹ̀ tó láwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ tíì sábà máa ń jẹ́ omi tó ní irin tàbí bàbà nínú. Omi kànga-dẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní irin nínú: bí a bá fà á, yóò mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ní kété tí kílórínì bá kàn án, yóò pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ẹni tó bá rò pé ewédò ni, tó sì ń da kílórínì sí i, ń dá kún àwọ̀ náà ni. Oògùn tó ń di irin mú àti asẹ́ tó dára ni irú omi bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí.

Ojoojúmọ́ ni mo ń da kílórínì sí i. Ṣé kì í ṣe pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ó lè ti gbó lóòótọ́, nítorí pé kílórínì oníyẹ̀fun tí ike rẹ̀ wà ní ṣíṣí nínú ooru máa ń pàdánù agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ jù lọ àwọn ilé tí wọ́n ti pè mí, ohun tí wọ́n rà dára. Ibi tí agbára rẹ̀ ń gbà lọ ni wọn kò mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ.

Oòrùn ni olè àkọ́kọ́. Kílórínì tí kò ní ohun tó bò ó lè dín ju ìdajì lọ láàárín wákàtí kan ní ọ̀sán gangan. Ẹni tó bá da oògùn sómi ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, oòrùn ló fi bọ́, ewédò kò tọ́ ọ wò. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo cyanuric acid, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní stabilizer. Agbòòrùn ló jẹ́ fún kílórínì: ó ń dì í mú kí oòrùn má baà jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dì í mú fún oòrùn náà ló dì í mú fún ewédò. Bí stabilizer bá pọ̀ jù nínú omi, kílórínì yóò wà níbẹ̀, ìdánwò yóò fi í hàn, kò sì ní lè ṣiṣẹ́. Bí ó ṣe ń pọ̀ jù rọrùn púpọ̀. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá funfun tí a ń jù sínú ike tó léfòó sójú omi ní stabilizer nínú ara wọn. Nínú púùlù tó gba omi lítà 48,000, tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó wọn giráàmù 200 máa ń fi stabilizer tó ju ppm 2 lọ kún omi. (ppm 1 ni giráàmù 1 nínú omi lítà 1,000.) Bí ẹ bá ń lo méjì lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ó ti kọjá 40, bí omi kò bá jáde. Oòrùn kò lè lé e lọ, asẹ́ kò sì lè mú un; kílórínì yóò ṣiṣẹ́ tán yóò lọ, stabilizer yóò jókòó síbẹ̀. Mo ti wọn omi kan tí tirẹ̀ ju 150 lọ, onílé náà sì ti ń ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́ta láìdá ọjọ́ kan sí. Aláìṣẹ̀ ni, kò sí ẹni tó sọ fún un.

Ohun tí mo ń tẹ̀lé ni pé kílórínì ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dín sí nǹkan bí ìdá 7.5 nínú 100 iye stabilizer. Bí stabilizer bá jẹ́ 40, kílórínì 3 tó. Bí ó bá jẹ́ 100, ẹ nílò 7.5 kí omi tó lè dúró bákan náà. Bí ẹ bá wá wo ìwé tó ní "3 dára" lára ike oògùn, ẹ ó rò pé ẹ ti ṣe tiyín, nígbà tí ewédò ń dàgbà lábẹ́ ojú yín.

Ti pH náà wà níbẹ̀, èyí tí ń sọ bí omi ṣe kan tó. Nínú omi tí kò ní stabilizer, bí pH bá wà ní 7.5, bí ìdajì kílórínì náà ló wà ní ìrísí tó ń pa nǹkan. Bí ó bá gòkè dé 8, ìyẹn kò tó ìdámẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí pH yín wà láàárín 7.2 sí 7.8.

Gbogbo ayé rí ohun tó jọ èyí ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio de Janeiro, nígbà tí púùlù tí wọ́n ti ń bẹ́ sómi di aláwọ̀ ewé mọ́ àwọn eléré ìdárayá lójú. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ìdíje náà ṣe ni pé wọ́n da hydrogen peroxide sínú omi náà, èyí sì sọ kílórínì inú rẹ̀ di aláìlágbára. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi tí òṣìṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí onílé kankan máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi jù.

Báwo ni mo ṣe lè mọ iye kílórínì tí omi mi nílò láti pa ewédò?

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ wọn gígùn, ìbú, àti ìjìnlẹ̀ ní mítà. Ẹ fi ìjìnlẹ̀ ibi tó jìn jù pọ̀ mọ́ ti ibi tí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kéré jù, kí ẹ pín in sí méjì. Lẹ́yìn náà ẹ sọ àwọn mẹ́ta di púpọ̀ fún ara wọn, kí ẹ sì fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Púùlù tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1 lápá kan àti mítà 2 lápá kejì, gba lítà 48,000.

Iye tó ń pa ewédò tó ti gbilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 stabilizer. Bí stabilizer bá jẹ́ 40, kílórínì gbọ́dọ̀ dé 16. Nínú lítà 48,000, ìyẹn jẹ́ giráàmù 768 ojúlówó kílórínì. Oníyẹ̀fun tí a ń rà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ ìdá 65 sí 70 nínú 100, nítorí náà, bí ti ọwọ́ yín bá jẹ́ ti 65, ẹ ó nílò nǹkan bíi kílò 1.2 láti gbé e láti òfo dé 16. Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn o. Ewédò yóò jẹ ẹ́, ẹ ó sì tún dá a padà.

Bí stabilizer bá ti ju 80 lọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi kílórínì lé e. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ lára omi. Mo sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ṣe é láìba púùlù jẹ́ nísàlẹ̀.

Kí ni kí n wá ṣe gan-an?

Ẹ fi àwọ̀n kó gbogbo ewé àti ẹ̀ka tó wà nínú omi, títí kan èyí tó wà nísàlẹ̀ tí ẹ kò rí. Ewé tó ń jẹrà nísàlẹ̀ máa ń jẹ kílórínì púpọ̀. Ẹ yọ àkàbà, ohun ìṣeré àwọn ọmọ, àti ohunkóhun tó ṣeé yọ kúrò.

Ẹ wọn pH kí ẹ tó fi oògùn kankan sí i, kí ẹ sì fi ásíìdì púùlù sọ ọ́ kalẹ̀ dé nǹkan bí 7.2. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé bí kílórínì bá ti kọjá 10, ohun èlò ìdánwò pH kì í sọ òótọ́ mọ́.

Nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá da kílórínì oníyẹ̀fun sínú omi náà. Omi ni yóò ṣáájú, yẹ̀fun ni yóò tẹ̀lé. Ẹ má ṣe yí i padà láé. Ẹ rò ó, kí ẹ sì máa dà á yí etí púùlù ká nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń tán ènìyàn lókun: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo gbogbo ògiri, àtẹ̀gùn, igun, àlàfo àárín táìlì, àti ìsàlẹ̀. Ewédò ní ohun tó ń yọ̀ tó fi bo ara rẹ̀, kílórínì kì í sì í wọ̀ ọ́ lára bí búrọ́ọ̀ṣì kò bá kọ́kọ́ ya á. Mo ti rí ilé tó ná owó púpọ̀ lórí oògùn tí kò sì ní búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ẹ tún wọn kílórínì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò yà mí lẹ́nu bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ dá a padà sí 16 (tàbí iye tí tiyín jẹ́), kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó tí agbára yín bá gbé lóòjọ́. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí mo ń sọ àti ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Wọ́n á da oògùn púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sì padà wá ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e. Nígbà tí oògùn bá tán ní ọjọ́ Àìkú, ewédò tó ṣẹ́ kù ní ọjọ́ mẹ́fà láti fi tún ilé rẹ̀ kọ́.

Àwọ̀ omi yóò kúrò ní ewé, yóò di eérú, bí omi tí a fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ. Òkú ewédò nìyẹn, asẹ́ ló kù tí yóò kó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ nítorí pé àwọ̀ ewé ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kú tán?

Ìdánwò òru ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ wọn kílórínì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ kejì, ẹ tún un wọ̀n. Lóru, oòrùn kò sí láti jí i, nítorí náà ohunkóhun tó bá dínkù, ohun abẹ̀mí tàbí ìdọ̀tí ló jẹ ẹ́. Bí èyí tó dínkù kò bá ju 1 lọ, tí omi mọ́ gaara, tí kílórínì tó ti di mọ́ ìdọ̀tí kò sì ju 0.5 lọ, ó ti parí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí bá kù, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo da kílórínì púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n omi ìdánwò kò yí àwọ̀ rárá. Ṣé ó ti tán ni?

Kì í ṣe dandan. Ohun èlò ìdánwò DPD, èyí tó ń di àwọ̀ osùn, máa ń ṣá funfun bí kílórínì bá pọ̀ jù. Ẹ fi omi lásán tí kò ní kílórínì là á, ìdá kan omi púùlù sí ìdá kan omi lásán, kí ẹ tún un dán wò, kí ẹ sì fi méjì sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Èyí tó ń di àwọ̀ ìyeyè, tó wọ́pọ̀ lọ́jà nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kì í ya kílórínì tó lè ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti di mọ́ ìdọ̀tí. Kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó ń bá wa tọ́jú púùlù ní kí a da álọ́ọ̀mù sí i.

Álọ́ọ̀mù kì í pa ewédò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ìdọ̀tí tíntìntín jọ pọ̀ kí ó lè wúwo, kí ó sì rọ̀ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń fi í to omi odò nínú àmù. Ààyè rẹ̀ wà lẹ́yìn tí ewédò bá ti kú, bí asẹ́ bá ń lọ́ra jù. Ẹ pa pọ́ọ̀ǹpù, ẹ jẹ́ kí omi sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì fi fákúùmù fa ohun tó rọ̀ sílẹ̀ náà jáde tààrà sí ìta. Bí ẹ bá gbà á kọjá nínú asẹ́ oníyanrìn, yóò dí i. Ẹ tún wọn pH lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé álọ́ọ̀mù máa ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tó bá fi álọ́ọ̀mù lé ewédò tó ṣì wà láàyè yóò rí omi tó mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ àríyá, tí àlejò yóò sì yin omi. Ewédò ò tíì kúrò nínú ilé.

Copper sulphate ńkọ́, òkúta búlúù yẹn?

Ó ń pa ewédò lóòótọ́, díẹ̀ ni a sì ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń bu ú sómi láìwọ̀n. Bàbà inú rẹ̀ kì í lọ. Bí ó bá pọ̀, tí pH sì gòkè, yóò di àbààwọ́n lára ògiri, irun tó funfun tàbí tó láwọ̀ fífúyẹ́ yóò sì di aláwọ̀ ewé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo ṣe èyí fún ìyá àgbàlagbà kan tí ó fọkàn tán mi. Ògiri púùlù wọn, tó funfun nini, yọ àbààwọ́n àwọ̀ aró ní ibi púpọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fi ń gbo ó láìgba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, n kì í lò ó.

Ewédò mi dà bí iyanrìn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá gbo ó, a lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ti dé.

Èyí ni aláwọ̀ ìyeyè, ibi tí òjìji wà ló sì máa ń yàn. Ó lè fara da kílórínì ju aláwọ̀ ewé lọ, ó sì mọ bí a ṣe ń sá pamọ́. Ẹ tú iná abẹ́ omi kúrò ní ojú ihò rẹ̀ (ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀ láti orísun), kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń bá a ju ibikíbi lọ. Ẹ wo inú ọ̀nà ọ̀fun ibi tí omi ń gbà lọ sí asẹ́, abẹ́ àtẹ̀gùn, àti ẹ̀yìn àkàbà. Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá, àti okùn fákúùmù bọ omi náà kí kílórínì lè pa èyí tó wà lára wọn, kí ẹ sì fọ gbogbo aṣọ ìwẹ̀ ilé. Lẹ́yìn tí ìdánwò òru bá ti yege, ẹ gbé kílórínì ga sí i díẹ̀, dé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 stabilizer, fún ọjọ́ kan. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn, kì í sì í sábà tún yọjú.

Èyí tó dúdú, tó lẹ̀ mọ́ ara símẹ́ńtì bí èérún yíǹkì, ńkọ́?

Ó le ju gbogbo wọn lọ, ó sì ń béèrè sùúrù. Ní tòótọ́, irú bakitéríà kan ni, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ewédò. Ó máa ń wọ inú símẹ́ńtì àti àlàfo táìlì, ó sì ní ohun líle tó fi bo orí. Bí a bá gé igi tí a kò hú gbòǹgbò rẹ̀, yóò tún rúwé. Èyí náà rí bẹ́ẹ̀. Púùlù símẹ́ńtì tàbí táìlì nìkan ni ẹ ti lè lo búrọ́ọ̀ṣì onírin tí kì í dógùn-ún. Ti oníke yóò ya. Ẹ ha orí rẹ̀ títí tí yóò fi ṣí, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì kílórínì ra ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí kílórínì wà lókè bí mo ti wí, kí ẹ sì máa ha á lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí àmì rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn tí ó ti kú, símẹ́ńtì ni ó gbà á.

Ṣé kí n kúkú fa gbogbo omi dànù, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Ní Lẹ́kkí, Ajah, Victoria Island, àti ibikíbi tí a bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ tí omi yọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Omi tó wà nínú púùlù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Púùlù tó ṣófo lórí ilẹ̀ tó kún fún omi dà bí ọkọ̀ ojú omi: omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í sókè, kí ó sì la ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó fọ́ páìpù. Àtúnṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí a fi kọ́ òmíràn. Ìgbà òjò ló sì burú jù.

Bí ó bá jẹ́ stabilizer ló pọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ omi ní ìdámẹ́ta ìdámẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí stabilizer bá jẹ́ 120, ìdámẹ́ta àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ di 80, ìkejì yóò sọ ọ́ di nǹkan bí 53. Ẹ jẹ́ kí kílórínì tán nínú omi kí ẹ tó fà á sí gọ́tà, nítorí ọgbà àti ẹja aládùúgbò yín.

Iná mànàmáná kì í dúró ní àdúgbò wa. Wákàtí mélòó ni pọ́ọ̀ǹpù gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́?

Nígbà tí ẹ bá ń pa ewédò, gbogbo wákàtí tí iná bá fi wà. Nígbà tí omi bá ti mọ́, ẹ ṣírò rẹ̀: pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa lítà 12,000 ní wákàtí kan yóò yí lítà 48,000 po ní wákàtí mẹ́rin, nítorí náà wákàtí mẹ́jọ yóò yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Bí epo jẹnẹrétọ̀ bá wọ́n yín lọ́rùn, ẹ pín in sí òwúrọ̀ àti alẹ́, ẹ má sì fi ẹ̀dínwó sí ọ̀dọ̀ búrọ́ọ̀ṣì. Omi tí a ń gbo tí a sì ń wọ̀n, tí pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó, sàn ju omi tí pọ́ọ̀ǹpù ń yí lásán lọ.

Ẹ wo aago ìfúnpá tó wà lórí asẹ́. Bí ó bá ti fi psi 8 sí 10 ga ju ibi tó wà nígbà tí asẹ́ mọ́, ẹ pa pọ́ọ̀ǹpù, kí ẹ tó yí ọwọ́ fáàfù sí "backwash", kí ẹ sì fọ asẹ́ títí omi yóò fi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ń pa ewédò, ó lè jẹ́ lójoojúmọ́. Bí a bá fọ̀ ọ́, tí omi kò sì mọ́, ẹ ṣí i wò: yanrìn tó ti dì bí òkúta, tàbí tí omi ti la ọ̀nà kọjá láàárín rẹ̀, kò lè sẹ́ ohunkóhun mọ́.

Ṣé àwọn ọmọ lè wọ inú omi nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́?

Rárá. Bí ẹ kò bá lè rí ihò ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù kedere láti orí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá rì, a kò ní rí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní ìlú Fall River ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan kú sínú púùlù ìjọba kan tí omi rẹ̀ ṣú, àwọn ènìyàn sì ń lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀. N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ti ọgbà púùlù pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Lẹ́yìn tí omi bá mọ́, ẹ dúró kí kílórínì padà sí ti ojoojúmọ́.

Ibo ni kí n kó kẹ́míkà wọ̀nyí pamọ́ sí?

Kì í ṣe inú yàrá jẹnẹrétọ̀, bí àyè ibẹ̀ tilẹ̀ dára lójú. Kílórínì oníyẹ̀fun tó bá kan epo dísù tàbí òróró lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bí ó bá kan ásíìdì, yóò tú èéfín tó ń pa ènìyàn sílẹ̀. Bí a bá da òun àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní stabilizer pọ̀, ó lè gbiná tàbí kí ó bú gbàù, nítorí náà bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, ìgbakọ ọ̀tọ̀, ibi ìkópamọ́ ọ̀tọ̀. Ibi gbígbẹ, tútù, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó ni ó yẹ wọ́n.

Ìgbà wo nínú ọdún ni ó yẹ kí n múra sílẹ̀ jù?

Ọyẹ́ ń kó erùpẹ̀ àti ewé gbígbẹ sómi, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ló ń yọ mí lẹ́nu ju. Òjò ńlá kan lè la kílórínì, kí ó fọ ajílẹ̀ inú ọgbà wọ inú púùlù, kí ìkùukùu sì mú kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ rò pé omi kò nílò nǹkankan. Ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ wọn kílórínì kí ẹ tó sùn, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Ní òpin oṣù kẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo máa ń lọ sí gbogbo ilé tí mò ń tọ́jú, màá tú iná abẹ́ omi, màá gbo ẹ̀yìn rẹ̀, màá wọn stabilizer, màá sì ṣí asẹ́ wo yanrìn. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni lójú púùlù kan, a sì ti ń ṣe é kí àwọ̀ ewé kankan tó hàn lára ògiri.